Kbatra (ọ̀rọ̀ èdè Lísíà)

Kbatra jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èdè Lísíà, èdè àtijọ́ kan tí wọ́n ń sọ ní etíkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Túrkì lónìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọmọbìnrin", ìyẹn ọmọ tí ó jẹ́ obìnrin lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fún ọ̀dọ́bìnrin èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n gidigidi nínú àwọn àkọsílẹ̀ Lísíà tí ó kù sílẹ̀. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ èdè náà tí ìtumọ̀ wọn dájú jù lọ, nítorí pé a rí i nínú àkọsílẹ̀ kan tí a fi èdè Gíríìkì túmọ̀ lára òkúta kan náà. Ìdí méjì ni ó mú kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè àti àwọn òpìtàn máa tọ́ka sí i. Èkíní ni pé ó fi hàn kedere bí ìró ọ̀rọ̀ ṣe lè yí padà títí tí ọ̀rọ̀ kò fi ní jọ àwọn ìbátan rẹ̀ mọ́. Èkejì ni pé ó kan àríyànjiyàn àtayébáyé lórí bóyá ìran ìyá tàbí ìran bàbá ni àwọn ará Lísíà fi ń ka ìdílé.

Ilẹ̀ Lísíà àti èdè rẹ̀

Ilẹ̀ Lísíà jẹ́ ilẹ̀ olókè tí ó yọrí sínú Òkun Mẹditaréníà. Lára àwọn ìlú rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ ni Xanthos, Tlos, Pinara, Patara àti Limyra. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń pè wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí àwọn Gíríìkì fún wọn: Arñna ni wọ́n ń pe Xanthos, Tlawa ni Tlos, Pinale sì ni Pinara. Àwọn ènìyàn náà kò pe ara wọn ní ará Lísíà. Trm̃mili ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́.

Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó wà ní èdè yìí jẹ́ ti ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹrin ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba Páṣíà. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ó ní lẹ́tà 29 ni wọ́n fi kọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà wá láti inú ti Gíríìkì, wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un fún ìró tí èdè Gíríìkì kò ní. Ara ibojì tí a gbẹ́ sínú àpáta ni a ti rí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àwọn ìyókù wà lára òpó òkúta, ìpìlẹ̀ ère àti owó ẹyọ. Lẹ́yìn tí Alẹkisáńdà ará Masidóníà gba ilẹ̀ náà ní ìgbà òtútù ọdún 334 sí 333 ṣáájú ìbí Jésù, èdè Gíríìkì gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èdè Lísíà sì kú.

Ní ọdún 1838 ni Charles Fellows, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ahoro Xanthos, ó sì mú ìròyìn rẹ̀ padà sí Yúróòpù. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó níbẹ̀ lẹ́yìn náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1901, Ernst Kalinka kó àwọn àkọsílẹ̀ Lísíà tí wọ́n mọ̀ nígbà náà jọ sínú ìwé kan ní Vienna, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ṣì ń lò dòní.

Bí a ṣe mọ ìtumọ̀ rẹ̀

Kíka lẹ́tà Lísíà kò nira púpọ̀, nítorí ìbátan álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú ti Gíríìkì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó le. Ẹni tí ó lè ka ọ̀rọ̀ kan jáde láìmọ ohun tí ó túmọ̀ sí dà bí ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí. Nítorí náà, àwọn àkọsílẹ̀ elédè méjì, níbi tí ọ̀rọ̀ Lísíà àti ti Gíríìkì ti jọ sọ ohun kan náà, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìmọ̀ wa nípa èdè yìí.

Ọ̀kan nínú wọn ni àkọsílẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ìwé Kalinka, èyí tí a rí ní ìlú Tlos. Ọkùnrin kan ni ó gbé ère ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ fún òrìṣà Apollo. Ní èdè Lísíà, orúkọ ọkùnrin náà ni Xssbezẽ. Porpax ni a pè é nínú apá ti Gíríìkì. Àkọsílẹ̀ náà sọ pé ó jẹ́ ọmọ Krupsse, ará Tlos, ó sì dárúkọ ọkùnrin mìíràn, Purihimeti, tí Xssbezẽ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò fún. Lẹ́yìn èyí ni ó kan ìyàwó, tí ó ń jẹ́ Tikeukẽprẽ, ará Pinara. Ọ̀rọ̀ Lísíà tí a fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ni urtaqijahñ kbatru, "ọmọbìnrin Urtaqija". Ní ibi tí kbatru wà, apá ti Gíríìkì lo thygatera, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì mọ̀ sí "ọmọbìnrin". Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tún jẹ́ àbá mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kbatra àti kbatru jẹ́ ti gírámà. Kbatra ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó bá jẹ́ olùwà gbólóhùn. Ó di kbatru nígbà tí ó bá jẹ́ àbọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ Tlos, ìyàwó náà ni ẹni tí a gbé ère rẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ni ó wà ní ìrísí àbọ̀: ladã, "ìyàwó", jẹ́ ìrísí àbọ̀ fún lada. Bí ọ̀rọ̀ Lísíà àti ti Gíríìkì ṣe wà ní ipò kan náà nínú gbólóhùn méjèèjì tún fi ẹsẹ̀ ìtumọ̀ náà múlẹ̀ sí i.

Ìdí tí ó fi ṣọ̀wọ́n

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń lò lójoojúmọ́ ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ tí ó kù ni ó fà á. Àkọlé ibojì Lísíà sábà máa ń tẹ̀ lé ìlànà kan: ó máa ń sọ pé lágbájá ni ó kọ́ ibojì yìí, àti pé ó kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún àwọn ọmọ ni tideime, èyí tí ó jẹ́ ọ̀pọ̀ fún tideimi. Nígbà tí a bá ń sọ ẹni tí ó bí ọkùnrin kan, tideimi túmọ̀ sí ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n tideime lè kó ọkùnrin àti obìnrin pọ̀.

Ẹ̀rí èyí wà nínú àkọsílẹ̀ elédè mẹ́ta tí àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Faransé rí ní ọdún 1973 ní Letoon, ojúbọ òrìṣà Leto tí ó wà nítòsí Xanthos. Èdè Lísíà, Gíríìkì àti Árámáíkì ni a fi kọ ọ́. Ní ìparí rẹ̀, a fi ẹni tí ó bá rú òfin ojúbọ náà lé àwọn òrìṣà lọ́wọ́, lára wọn ni Leto àti àwọn ọmọ rẹ̀. Tideime ni apá Lísíà pe àwọn ọmọ náà. Ọmọ méjì ni Leto bí nínú ìtàn Gíríìkì, Apollo tí ó jẹ́ ọkùnrin àti Artemis tí ó jẹ́ obìnrin. Ó hàn gbangba nígbà náà pé tideime kì í yọ ọmọbìnrin sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó wà nínú àwọn àkọlé ibojì Lísíà láìsí pé a fi ọ̀rọ̀ tiwọn dárúkọ wọn. Kbatra kì í jáde àyàfi bí ó bá pọn dandan láti sọ pé ẹnì kan pàtó jẹ́ ọmọbìnrin ẹlòmíràn. Èdè Yorùbá ní ohun tí ó jọ ọ́: "ọmọ" nìkan kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, a sì lè ka gbogbo ọmọ ilé kan láìlo ọ̀rọ̀ "ọmọbìnrin" rárá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yorùbá mú "ọmọ" kan náà, ó fi "obìnrin" kún un. Lísíà sì ní ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró, tí kò bá tideimi tan.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ kò fi mọ ẹbí tí èdè Lísíà wà. Ìmọ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní ọdún 1915, nígbà tí Bedřich Hrozný kéde pé èdè Hítì, tí a kọ sára wàláà amọ̀ ní àárín gbùngbùn Ànàtólíà, jẹ́ ti ẹbí Índò-Yúróòpù. Ní ọdún 1945, Holger Pedersen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí Lísíà ṣe bá Hítì tan. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ Emmanuel Laroche àti àwọn mìíràn jẹ́ kí ó yéni pé èdè Lúwì ni ó sún mọ́ Lísíà jù nínú àwọn èdè Ànàtólíà àtijọ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ fún ọmọbìnrin wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ nínú ẹbí Índò-Yúróòpù. Ó jẹ́ thygater ní Gíríìkì, duhitar ní Sanskrit, dokhtar ní èdè Páṣíà, Tochter ní èdè Jámánì, daughter ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, duktė ní èdè Lithuania. Láti inú wọn ni àwọn onímọ̀ ti ṣe àtúntò ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan tí wọ́n ń kọ báyìí: *dʰugh₂tḗr. Àmì ìràwọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ fún òǹkàwé pé a kò rí ọ̀rọ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ kankan, àtúntò ni.

Èdè Hítì, tí ó ní àkọsílẹ̀ jù nínú àwọn èdè Ànàtólíà, kò ràn wá lọ́wọ́ tó bí a ti lè retí. Àwọn akọ̀wé Hítì máa ń lo àmì tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Súmérì, DUMU.MUNUS, láti dúró fún "ọmọbìnrin". Àmì náà sọ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ó fi bí wọ́n ṣe ń pè é pamọ́. Èdè Lúwì ni ó là wá lọ́nà. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ òkúta tí a fi àwòrán kọ ní gúúsù Ànàtólíà àti àríwá Síríà, a rí tuwatri-, "ọmọbìnrin". Ọ̀rọ̀ yìí ni afárá tí ó so kbatra mọ́ ìyókù ẹbí náà.

Àyípadà ìró

Bí a bá gbé kbatra àti daughter sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sí ohun tí ojú lásán lè rí tí ó so wọ́n pọ̀ ju -t- àti -r- tí ó wà lẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn àjò ọ̀rọ̀ náà ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé g tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sọnù. Irú èyí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ọwọ́" jẹ́ keššar ní Hítì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ iššari- ní Lúwì, ó sì jẹ́ izri- ní Lísíà: kọ́ńsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tí ó ti inú irú ìró bẹ́ẹ̀ wá, ti parẹ́ nínú èdè méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé u tí ó wà láàárín tuwatri- fò, t àti w sì wá fara kan ara wọn, bí ẹni pé a ń pe twatra.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé w tí ó tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì mìíràn di b. "Ẹṣin", tí ó jẹ́ azuwa- ní Lúwì, jẹ́ esbe- ní Lísíà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé b Lísíà kì í pa ètè pọ̀ pátápátá. Atẹ́gùn ń gba àárín ètè méjèèjì kọjá. Ọ̀nà tí ó wà láàárín w àti irú b bẹ́ẹ̀ kò jìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ó ṣàjèjì jù: t tí ó ṣáájú b di k. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́rìí sí i ni kbi-, tí ó jẹ mọ́ "méjì" ní Lísíà, tí ó sì bá ọ̀rọ̀ bíi two ní Gẹ̀ẹ́sì àti duo ní Látìn tan. Èdè Mílíà, tí ó jẹ́ ìbátan Lísíà pẹ́kípẹ́kí, tí a sì rí lára Òpó Xanthos, ní tbi- ní ibi tí Lísíà ti ní kbi-. Mílíà dúró sí ìgbésẹ̀ kẹta. Lísíà tẹ̀ síwájú dé ìkẹrin. Bí a bá kọ́kọ́ rí kbatra nìkan, a lè rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí kbi- bá dúró tì í, tí tbi- sì wà lẹ́yìn, ó di òfin.

Kì í ṣe Lísíà nìkan ni ìró dw tàbí tw ti ṣe ohun ìyanu. Ní èdè Látìn, duellum, "ogun", di bellum. Ní èdè Àméníà, ọ̀rọ̀ fún "méjì", tí ó wá láti inú orísun kan náà pẹ̀lú duo, di erku.

Irú ìbáramu báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti fetí sí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ní ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní w nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀ka èdè ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ní gh: àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè pè é ní àṣìpè. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀ yóò mọ̀ pé ìlànà ni. Bákan náà ni ti ìbátan èdè ní gbogbo ayé: jíjọra ọ̀rọ̀ méjì kì í ṣe ẹ̀rí, àìjọra wọn kì í sì í ṣe àtakò. Ìbáramu tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ẹ̀rí.

Kbatra àti ọ̀rọ̀ nípa ìran ìyá

Hẹ́ródótù, òpìtàn Gíríìkì ti ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, sọ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ pé àwọn ará Lísíà ní àṣà kan tí kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń jẹ́, kì í ṣe ti bàbá. Ó ní bí a bá bi ará Lísíà léèrè ẹni tí ó jẹ́, yóò ka ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyá ìyá rẹ̀. Ó tún sọ pé ọmọ tí obìnrin ọmọ-ìlú bá bí fún ẹrú jẹ́ ọmọ tí ó ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ọkùnrin ọmọ-ìlú, bó ti wù kí ó tóbi tó, bá bí nípasẹ̀ àjèjì obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà. Ní ọdún 1861, Johann Jakob Bachofen, ará Basel ní Switzerland, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ẹ̀tọ́ ìyá, nínú èyí tí ó ti sọ pé ìṣàkóso obìnrin ṣáájú ti ọkùnrin nínú ìtàn ọmọ ènìyàn. Lísíà wà lára àwọn ẹ̀rí pàtàkì rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ohun tí Hẹ́ródótù sọ sì wọ inú ìwé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn òkúta kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ Tlos, bàbá ni a fi dá ọkọ mọ̀. Nígbà tí ó kan ìyàwó pẹ̀lú, a pè é ní kbatra Urtaqija. Ọkùnrin ni Urtaqija, a kò sì dárúkọ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àkọlé ibojì: ọkùnrin ni ó kọ́ ibojì, orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní ọdún 1965, Simon Pembroke gbé àwọn àkọsílẹ̀ Lísíà yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ kan, ó sì fi hàn pé wọn kò ti Hẹ́ródótù lẹ́yìn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Hẹ́ródótù kò mọ nǹkan kan nípa Lísíà. Òun náà ni ó sọ pé wọ́n ń pe àwọn ènìyàn náà ní Termilai, àwọn òkúta sì jẹ́rìí sí i pẹ̀lú Trm̃mili. Ohun kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ Tlos tí ó yẹ kí a fiyè sí. Lẹ́yìn bàbá, a tún dárúkọ ìbátan mìíràn fún ọkọ àti fún ìyàwó: ọkọ jẹ́ tuhes Purihimeti, ìyàwó jẹ́ tuhes Prijenuba. Gíríìkì lo ọ̀rọ̀ méjì láti túmọ̀ tuhes, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, nítorí pé Lísíà kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá kò ti yà á nínú "ọmọ ẹ̀gbọ́n" tàbí "ọmọ àbúrò". Ìdí tí ìbátan yìí fi ṣe pàtàkì tó láti kọ sára òkúta kò hàn nínú àkọsílẹ̀ náà. Kò sì sọ bóyá láti ọ̀dọ̀ ìyá ni tàbí láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ó tún yẹ kí a rántí pé àwọn tí ó lówó láti gbẹ́ àpáta tàbí láti gbé ère kalẹ̀ nìkan ni òkúta ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ìjẹ́pàtàkì

Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Lísíà tí Craig Melchert tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, kbatra gba ìlà díẹ̀ péré. Síbẹ̀, ipa rẹ̀ pọ̀. Ó pèsè ẹ̀rí fún bí ìró tw ṣe di kb ní Lísíà. Ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú tuwatri- ti Lúwì, pé àwọn èdè Ànàtólíà pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ọmọbìnrin mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì Súmérì bo tiwọn mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé Hítì. Nínú àríyànjiyàn lórí ìdílé Lísíà, ó jẹ́ ẹ̀rí láti ẹnu àwọn ará Lísíà fúnra wọn: obìnrin kan láti Pinara, tí ọkọ rẹ̀ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Tlos, ni a dá mọ̀ sí ọmọbìnrin bàbá rẹ̀.